Ta Ni Ó Ni Ohùn Olórin? Ìrìn Kelly Clarkson Lẹ́yìn Ìdíje

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé bí ọ̀dọ́ kan bá ti gbégbá orókè nínú ìdíje orin, iṣẹ́ ti bùṣe. Wọn a máa wò ó lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán bí omijé ayọ̀ ti ń dà lójú rẹ̀, wọn a sì ní orí rẹ̀ ti gbè é. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, à-fi-orí-tì-í-dópin ni. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé: kí ni ẹni tí ó borí jẹ gan-an? Ṣé orúkọ ni, ṣé owó ni, tàbí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn yóò máa darí? Àti pé, nígbà tí àwo orin bá jáde tán, ta ni ó ni ohùn tí ó wà nínú rẹ̀?

Kò sí ẹni tí ìtàn rẹ̀ lè la ọ̀rọ̀ yìí yé ènìyàn tó Kelly Clarkson, ọmọbìnrin ará Amẹ́ríkà. A bí i ní oṣù kẹrin ọdún 1982 ní ìlú Fort Worth, ní ìpínlẹ̀ Texas, ó sì dàgbà ní Burleson, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí ibẹ̀. Kí ó tó di olókìkí, ó ti lọ sí Los Angeles láti wá iṣẹ́ orin. Iná jó ilé tí ó ń gbé níbẹ̀, ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí ìkéde ìdíje kàn án lára, ẹni tí ń gbé ọtí fún àwọn oníbàárà kí ó lè rí owó ná ni.

Ìdíje náà àti àdéhùn inú rẹ̀

Oṣù kẹfà ọdún 2002 ni ìdíje tí a ń pè ní American Idol bẹ̀rẹ̀ ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn Fox. Ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ṣẹ̀ wá, níbi tí Simon Fuller ti dá Pop Idol sílẹ̀ ní ọdún 2001. Adájọ́ mẹ́ta ni ó ń sọ èrò wọn nípa orin kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran nílé ni ó ń fi tẹlifóònù dìbò láti yan ẹni tí yóò dúró. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, a kéde pé Clarkson ni ó borí Justin Guarini tí àwọn méjèèjì jọ kù sórí pápá.

Ohun tí àwọn òǹwòran rí ni ọmọbìnrin tí ń sunkún ayọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ronú kàn ni ìwé àdéhùn. Ẹ̀bùn ìdíje náà kì í ṣe àpò owó tí ènìyàn lè gbé lọ sílé. Àdéhùn láti máa gbé àwo orin jáde pẹ̀lú iléeṣẹ́ RCA ni. Yàtọ̀ sí èyí, orin tí ẹni tí ó borí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí a tó mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ni ó ṣẹ̀dá A Moment Like This, Clarkson àti Guarini ni ó sì kọ ọ́ nígbà àṣekágbá ìdíje náà. A rán ẹ̀wù tán kí a tó mọ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́.

Nígbà tí orin náà jáde, ó fò láti ipò 52 bọ́ sí ipò kìíní lórí àtẹ tí ìwé ìròyìn Billboard fi ń to àwọn orin tí ó ń tà tí rédíò sì ń lò jù ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1964 ni àwọn Beatles ti wà ní ipò iwájú nínú irú eré yìí, nígbà tí orin wọn kan fò láti ipò 27 sí ipò kìíní. Kí ni ó fa irú ìyára bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe pé orin yìí dùn ju gbogbo orin tí a ti kọ láti ọdún 1964 lọ. Àwọn òǹwòran ti bá ọmọbìnrin náà rìn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Wọ́n ti dìbò fún un. Wọ́n wá ń fi owó ra ohun tí wọ́n ti fi ìbò yàn. Ìdíje náà fúnra rẹ̀ ni ìpolówó ọjà.

Ṣùgbọ́n ìpolówó kì í pẹ́ kí ó tó ṣá. RCA gbé àwo jáde fún Guarini náà ní ọdún 2003. Àwo náà kò tà bí ó ti yẹ, iléeṣẹ́ náà sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Sinimá tí òun àti Clarkson jọ ṣe ní ọdún kan náà kò rí ojú rere àwọn òǹwòran. Nígbà tí a kó àwọn tí ó borí ní orílẹ̀-èdè mọ́kànlá jọ sínú ìdíje kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004, Kurt Nilsen ará Norway ni ó ṣe ipò kìíní, Clarkson sì ṣe ìkejì. Ìbò lè ṣí ilẹ̀kùn fún olórin. Kò lè bá a gbé inú ilé.

Bí okùn iṣẹ́ ṣe lé sí i

Àwo ńlá àkọ́kọ́ tí Clarkson gbé jáde, Thankful, bọ́ sí ipò kìíní ní oṣù kẹrin ọdún 2003. Àwo kejì, Breakaway, tí ó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, ni ó sọ ọ́ di olórin tí a mọ̀ káàkiri ayé, kúrò ní ẹni tí a mọ̀ sí ọmọ ìdíje. Ní oṣù kejì ọdún 2006, ó gba ẹ̀bùn Grammy méjì nítorí rẹ̀, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ láti inú American Idol tí ó gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀.

Bí a bá wo orin méjì nínú àwo yìí fínnífínní, a óò rí gbòǹgbò ìjà tí ó ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀. Èkíní ni Since U Been Gone. Max Martin ará Sweden àti Lukasz Gottwald ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀, iléeṣẹ́ ni ó sì ṣe ètò bí Clarkson ṣe bá wọn ṣiṣẹ́. Orin náà dé ipò kejì lórí àtẹ Billboard, títí di òní sì ni a ń kà á mọ́ àwọn orin tí ó gbé e ga jù. Èkejì ni Because of You. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Clarkson nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nípa ìbànújẹ́ ilé tí bàbá àti ìyá ti kọ ara wọn. Ó gbé e wá fún àwo àkọ́kọ́, wọn kò gbà á. Nígbà tí a tún un ṣe tí a sì fi sínú àwo kejì, ó wọ inú àwọn orin mẹ́wàá tí ó lékè jù ní Amẹ́ríkà.

Nítorí náà, orin kan ń jẹ́rìí gbe iléeṣẹ́, orin kan ń jẹ́rìí gbe olórin. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ẹjọ́ yìí gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì.

Ìjà ọdún 2007

Fún àwo kẹta, My December, Clarkson pinnu pé èrò ọkàn òun ni òun yóò sọ. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ṣíṣẹ̀dá gbogbo orin inú rẹ̀. Àwo náà le létí ju ti ìṣáájú lọ, ìbínú àti ìrora sì pọ̀ nínú rẹ̀. Clive Davis, ọ̀gá àgbà tí RCA wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, kò fara mọ́ ọn. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì; òun ni ó ti wà lẹ́yìn Whitney Houston àti ọ̀pọ̀ olórin mìíràn. Èrò tirẹ̀ ni pé kò sí orin tí yóò tà nínú àwo náà bí ti Breakaway, àti pé ó yẹ kí a pààrọ̀ díẹ̀ nínú wọn. Clarkson kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé inú ìwé ìròyìn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2007, òun àti alámòójútó iṣẹ́ rẹ̀ pínyà, a sì fagi lé ìrìn-àjò orin tí ó fẹ́ ṣe ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà.

Àwo náà jáde ní oṣù kan náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ipò kejì. Ó tà, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ iye tí Breakaway tà. Bí owó nìkan ni a bá fi ṣe òṣùwọ̀n, Davis ni ó ríran jìnnà. Àwọn àgbà tilẹ̀ ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Olórin nílò etí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n etí tí ń gba ni nímọ̀ràn yàtọ̀ sí ọwọ́ tí ń di ni lẹ́nu. Ní ọdún 2013, Davis sọ ìtàn ìjà yìí bí ó ti yé e nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀. Clarkson fèsì ní gbangba pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, Davis sì dúró lórí ohun tí ó sọ.

Ẹni tí ó lẹ́rú ni ó lẹ́rù

Kí ni ó fún iléeṣẹ́ ní irú agbára yìí? Ìdáhùn wà nínú òfin. Ẹ̀tọ́ méjì ni ó wà nínú orin kan ṣoṣo tí a gbọ́ lórí rédíò. Ẹ̀tọ́ kìíní jẹ́ ti ọ̀rọ̀ àti ohùn orin náà, èyíinì ni ohun tí ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ronú kàn. Ẹ̀tọ́ kejì jẹ́ ti ohùn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀, èyíinì ni àwo fúnra rẹ̀. Nínú àdéhùn tí ó wọ́pọ̀, iléeṣẹ́ ni ó ń náwó sí gbígba ohùn sílẹ̀ àti sí ìpolówó, nítorí náà iléeṣẹ́ ni ó máa ń ni ẹ̀tọ́ kejì yìí, tí yóò sì máa san ìpín díẹ̀ fún olórin. Bí Yorùbá ti ń wí, ẹni tí ó lẹ́rú ni ó lẹ́rù. Olórin lè ní ọ̀fun. Ẹlòmíràn ni ó ni ohun tí ó ti ọ̀fun náà jáde.

Ọdún 2009 tún fi èyí hàn kedere. Àwo All I Ever Wanted bọ́ sí ipò kìíní, orin kan nínú rẹ̀, My Life Would Suck Without You, sì fò láti ipò 97 sí ipò kìíní. Kò sí orin tí ó tíì fò tó bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ náà títí di ìgbà yẹn. Ìjà ti parí, àbí? Rárá. Ryan Tedder ni ó bá Clarkson ṣe Already Gone, òun kan náà ni ó sì bá Beyoncé ṣe Halo. Nígbà tí Clarkson gbọ́ bí ìlù àwọn méjèèjì ti jọra tó, ó bẹ̀ pé kí a má ṣe gbé Already Gone jáde ní dídá. Iléeṣẹ́ gbé e jáde síbẹ̀síbẹ̀. Òun ni aráyé yóò bi léèrè. Òun kọ́ ni ó ni àṣẹ.

Ó mú sùúrù títí àdéhùn fi tán. Láàárín àkókò náà, Stronger tí ó jáde ní ọdún 2011 fún un ní orin mìíràn tí ó dé ipò kìíní, ó sì gba Grammy fún un ní ọdún 2013. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn àwo pọ́ọ̀pù olóhùn tí ó dára jù lẹ́ẹ̀mejì. Piece by Piece, ti ọdún 2015, ni àwo ńlá tí ó fi parí iṣẹ́ lọ́dọ̀ RCA. Ní ọdún 2016 ó bá Atlantic ṣe àdéhùn tuntun. Kì í ṣe ìdíje ni ó bá a yàn án, òun fúnra rẹ̀ ni ó yàn án. Meaning of Life jáde níbẹ̀ ní ọdún 2017, àti Chemistry ní ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká. Láti ọdún 2019 ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ lórí tẹlifíṣàn, níbi tí ó ti ń kọ orin àwọn ẹlòmíràn bí ó ti wù ú.

Ní oṣù keje ọdún 2019, nígbà tí ẹ̀tọ́ lórí àwọn àwo àtijọ́ Taylor Swift bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́, Clarkson gbà á nímọ̀ràn ní gbangba pé kí ó tún gbogbo wọn kọ, kí àwo tuntun lè jẹ́ tirẹ̀. Láti ọdún 2021 ni Swift ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé irú àwọn àwo bẹ́ẹ̀ jáde. Kò ṣòro láti mọ ibi tí ẹni tí ó gbani nímọ̀ràn ti kọ́ ọgbọ́n náà.

Ẹ̀kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún olùkọ́ tí ó ní akẹ́kọ̀ọ́ olóhùn iyọ̀ ní kíláàsì. Àwọn ìdíje ń pọ̀ sí i, àwọn ọ̀dọ́ sì ń rọ́ lọ síbẹ̀. Kí a kọ́ wọn ní orin nìkan kò tó. Ó yẹ kí a kọ́ wọn láti ka ìwé àdéhùn, kí wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó kọ orin àti ẹni tí ó ni àwo, kí wọ́n sì béèrè iye ọdún tí ìdè náà yóò gbà. Alẹ́ ọjọ́ kan ni Clarkson fi borí. Ọdún mẹ́tàlá àti ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ó fi dúró kí ó tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ibi tí ohùn rẹ̀ yóò gbé.