Òòyì Ojú Ọ̀nà àti Òòyì Inú Eré Fídíò

Ní ọ̀nà olókè tó ti Àrámọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n, èrò ọkọ̀ ni òòyì máa ń kọ́. Kì í sábà kọ́ awakọ̀, nítorí ó mọ ibi tí yóò yà sí. Reason àti Brand (1975) ṣàlàyé pé òòyì ń dé bí ìròyìn ojú àti ti etí inú bá tako ohun tí ọpọlọ ń retí.

Nínú eré fídíò, ara jókòó jẹ́ẹ́. Àwòrán ni ó ń mì bí àdó olóró bá bú. Èyí sọ ẹni tó ń ṣeré di èrò ọkọ̀. Bí òòyì bá kọ́ ọ, yóò pàdánù bó tilẹ̀ mọ eré náà dáadáa. Èrò tiwa ni pé àwòrán mímì tí a kò lè dín kù kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: ó ń ṣègbè.