Oúnjẹ Gbígbé Mì Lọ́jọ́ Ogbó

Bí àgbàlagbà bá ń wúkọ́ nídìí oúnjẹ, àwọn ará ilé a sáré bu omi fún un. Omi yìí gan-an a sì máa léwu ju òkèlè lọ nígbà mìíràn, nítorí kíá ni ó ń ṣàn. Iṣan ọrùn ni ó ń fa gògóńgò sókè bí a bá ń gbé nǹkan mì. Bí ó ti ń gòkè ni ọ̀nà èémí ń padé, tí ẹnu ọ̀nà oúnjẹ sì ń ṣí. Bí iṣan náà bá dẹ̀, oúnjẹ a yà sí ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè di òtútù àyà.

Ní 1997, Reza Shaker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé eré ìdárayá lè mú iṣan yìí le. Àgbà náà yóò fẹ̀yìn lélẹ̀ láìlo ìrọ̀rí, yóò gbé orí nìkan títí yóò fi rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Èjìká kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Yóò gbé e dúró fún ìṣẹ́jú 1, yóò sinmi fún ìṣẹ́jú 1, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí, yóò máa gbé e sókè, yóò máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nígbà 30. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ni, fún ọ̀sẹ̀ 6. Ó dà bí eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ọrùn a máa ro ni, àwọn mìíràn a sì tètè kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, ní 2002, àwọn aláìsàn tí a ń fi rọ́bà bọ́ padà sí jíjẹun lẹ́nu lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀fun ni ó bá mu. Rọpárọsẹ̀ lè fa ìnira yìí, àrùn mìíràn náà lè fà á. Dókítà ni yóò kọ́kọ́ wádìí rẹ̀. Ẹni tí eegun ọrùn ń yọ lẹ́nu kò gbọdọ̀ dán an wò.