Oorun, Iṣan Alárìnkiri àti Ìgbiná Inú Iṣan Ẹ̀jẹ̀

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí ó ń dojú kọ ẹni tí yóò ṣàlàyé ìlera ọkàn fún aláìsàn ní Ajah ni ọ̀rọ̀ náà "iṣan". Iṣan ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Iṣan náà ni ẹran líle apá alágbára. Iṣan kan náà ni ó ń gbé ìròyìn láti inú ọpọlọ lọ sí ara. Dandan ni kí ó ní ẹ̀yán: iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan ẹran, iṣan ìmọ̀lára.

Nínú àwọn iṣan ìmọ̀lára tí ó ti orí wá, ọ̀kan gùn ju àwọn yòókù lọ. Ó gba ọrùn, ó kan ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, ó sì dé ìfun. Orúkọ Látìn rẹ̀, vagus, túmọ̀ sí ẹni tí ń rìn káàkiri. "Iṣan alárìnkiri" bá a mu. Òun ni olórí ẹ̀ka ajẹmọ́-ìsinmi. Ẹ̀ka ajẹmọ́-ìjà ni ó ń mú àyà lù kìkì nígbà ìbẹ̀rù. Nínú oorun ìjìkà, ẹ̀ka ajẹmọ́-ìsinmi a gba ìṣàkóso: ọkàn a rọra máa lù, ìfúnpá a sì fi nǹkan bí 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀.

Ní ẹ̀bá ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, oorun bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò ń ké. Ọkọ̀ àjàgbé ń lọ sí ibùdókọ̀ òkun Lẹ́kkí tí a ṣí ní ọdún 2023. Òṣìṣẹ́ sì ń jí kí àkùkọ tó kọ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Kò di ìgbà tí ariwo bá jí ènìyàn kí ó tó ru ẹ̀ka ajẹmọ́-ìjà sókè. Etí kì í sùn. Ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ilẹ̀ Yúróòpù dámọ̀ràn ní 2009 pé kí ariwo ìta má kọjá dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 40 lóru.

Èyí tí ó le jù ni ohun tí Celsus ará Róòmù fi àmì mẹ́rin mọ̀: pípọ́n, wíwú, gbígbóná àti ríro. Bí a bá pè é ní "wíwú" lásán, aláìsàn yóò wo ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ a máa wú nígbà tí ọkàn kò bá lè ti ẹ̀jẹ̀ bí ó ti yẹ. Bí ẹsẹ̀ kò bá wú, yóò gbà pé ara òun ti yá, yóò sì pa oògùn tì. "Ìgbóná" kò ṣe é lò. Àrùn Ṣọ̀pọ̀ná ni ó ti ń jẹ́ orúkọ yẹn. "Ìgbiná" sàn jù. Iná a máa jó lábẹ́ eérú kí ẹnikẹ́ni tó rí èéfín.

Ní 1921, Otto Loewi ru iṣan alárìnkiri ọ̀pọ̀lọ́ kan sókè, ọkàn rẹ̀ sì rọra lù. Ó bu omi tí ó yí ọkàn náà ká sí ti ọ̀pọ̀lọ́ kejì. Èyí náà rọra. Ní 2000, Kevin Tracey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi eku hàn pé iṣan kan náà a máa dín ìgbiná kù. Ní 2020, àwọn onímọ̀ Berkeley yẹ ènìyàn tí ó lé ní 1,600 wò: àwọn tí oorun wọn ń já ní irú sẹ́ẹ̀lì funfun ajagun kan púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, èyí sì bá líle iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn rìn. Ìbárìn ni wọ́n rí. Pé ọ̀kan ni ó bí èkejì, ìyẹn tún yàtọ̀.

"Ọkàn" fúnra rẹ̀ kò dá ṣáká. Bí oníṣègùn bá ní "ọkàn rẹ kò sinmi lóru", ìdààmú ni aláìsàn yóò rò. "Ọkàn atẹ̀jẹ̀" yóò wúlò nínú ìwé. Ní ilé ìwòsàn, ó tó kí oníṣègùn fọwọ́ lé igbá àyà bí ó ti ń sọ ọ́.