Ilẹ̀ rírà: Rìsíìtì nìkan kò tó

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ wí, pàápàá òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó jẹ́ pé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fẹ́ fi kọ́lé. Ọ̀pọ̀ ló ti sanwó fọ́mọ onílẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀, kí ẹlòmíràn tó yọ pẹ̀lú rìsíìtì tirẹ̀ pé òun ti ra ilẹ̀ náà ṣáájú.

Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Lábẹ́ òfin, bí ọmọ ẹbí kan bá dá a tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí sì tà á láìfi ti àwọn àgbà ojúlé yòókù ṣe, wọ́n lè gba ilé-ẹjọ́ lọ kí adájọ́ wọ́gi lé e. Nítorí náà, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ojúlé ló yẹ kó jọ fọwọ́ síwèé.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 tún fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ tó ti ní C of O gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò yẹ ìwé wò níbi tí ìjọba ń kó àkọsílẹ̀ ilẹ̀ sí. Ní Èkó, Alausa, ní Ìkẹjà, ni. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ náà, àti bóyá wọ́n ti fi yáwó ní báńkì. Kí awọnlẹ̀ náà wádìí ní ọ́fíìsì olórí awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ kankan, kí olùrà bi àwọn tó bá ilẹ̀ náà pààlà, kó sì wádìí bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀ ní kóòtù.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ adójútòfò wà tó ń san àdánù fún olùrà bí ẹlòmíràn bá gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Philadelphia ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1876. Síbẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ tú àkọsílẹ̀ wò. Irú adójútòfò yìí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ìwádìí ló kù tí olùrà lè gbójú lé.

Lóòótọ́, òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2016 de àwọn tó ń ta ilẹ̀ tí wọn kò láṣẹ lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilẹ̀ a máa pẹ́. Ẹ di owó yín mú títí agbẹjọ́rò yóò fi mú èsì ìwádìí dé.