Oògùn apakoríko nínú adágún ẹja

Lílo oògùn apakoríko tí a kò fọwọ́ sí fún omi nínú adágún ẹja àdáni léwu fún ẹja, irè oko àti ènìyàn. Ìfọwọ́sí oògùn wà fún ibi tí a ó ti lò ó pẹ̀lú, kì í ṣe fún orúkọ rẹ̀ nìkan. Nítorí náà, oògùn tí òfin gbà láyè nínú oko àgbàdo lè jẹ́ èèwọ̀ nínú omi.

Ìdí tí a fi ń lò ó

Òjúoró, òṣíbàtà àti ewéko omi mìíràn lè bo ojú adágún pátápátá. Nígbà náà, olóko lè fọ́n oògùn tó ṣẹ́kù nínú oko sí i.

Ewu fún ẹja

Ọ̀pọ̀ oògùn glyphosate tí a ṣe fún oko ní èròjà bí ọṣẹ kan, POEA, tí ń jẹ́ kí oògùn ran ewé. Èròjà yìí ń ba ibi tí ẹja fi ń mí jẹ́, ó sì ń pa ọmọ ọ̀pọ̀lọ́.

Oògùn tí kò pa ẹja tààrà pàápàá lè ṣekú pa á. Bí ewéko púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, jíjẹrà rẹ̀ ń gba ọ́ksíjìn inú omi tán. Ọ́ksíjìn máa ń kéré jù ní ìdájí, nítorí náà òwúrọ̀ ni a sábà ń bá òkú ẹja lójú omi. Àgbà ẹja àrọ̀ lè yọjú mí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin kò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ewu fún irúgbìn àti ènìyàn

Omi tí 2,4-D wà nínú rẹ̀ lè ba tòmátì jẹ́ bí a bá fi bomi rin ín. Bí òjò bá sì mú adágún kún àkúnya, oògùn lè dé odò àwọn ẹlòmíràn. Paraquat ní tirẹ̀ kò ní ẹ̀rọ̀ fún ẹni tó bá gbé e mì.

Òfin

Ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC ni ó ń forúkọ àwọn oògùn wọ̀nyí sílẹ̀. Ó fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ó sì fòfin de atrazine láti ọdún 2025.

Ìdènà

Fífọwọ́ fa ewéko nígbà tí kò tíì pọ̀ ni ó dára jù. Bí a bá ní láti lo oògùn tí a fọwọ́ sí fún omi, ìdá kan nínú mẹ́ta adágún ni kí a kọ́kọ́ fọ́n ọn sí, kí a sì dúró fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó fọ́n ìyókù.