Kí Ni Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Achilles?

Ní ọdún kejì mi ní yunifásítì, a ṣe àríyànjiyàn kan nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ alohùn lórí Iliad, ewì akọni àwọn Gíríìkì àtijọ́ tí wọ́n ní Homer ni ó ni ín. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Mo ní Achilles kì í ṣe akọni rárá, pé ọmọ àkẹ́bàjẹ́ ni, ẹni tí ó torí ẹrúbìnrin kan ṣoṣo kẹ̀yìn sí ogun, tí ó jókòó sí àgọ́ rẹ̀, tí ó sì ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń kú. Kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi. Olùkọ́ wa kò bá mi jiyàn. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí: ‘Kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀?’ Mo ní, ‘Obìnrin ni, sà.’ Wọ́n ní kí n padà lọ ka ìwé náà. Mo lọ kà á. Ohun tí mo bá bọ̀ níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ewì náà gùn ju 15,000 ìlà lọ. Apá 24 ni wọ́n pín in sí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ ṣáájú ìbí Kristi ni ó ti wà. Ọdún 10 ni ìtàn ní àwọn Gíríìkì fi bá ìlú Troy jà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Túrkì lónìí, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọjọ́ 50 péré ni akéwì mú sọ nínú gbogbo rẹ̀. Kò sọ bí Troy ṣe fọ́, kò sì sọ bí Achilles ṣe kú. Ìbínú ni kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mênis ni wọ́n ń pè é ní èdè Gíríìkì, òun gan-an sì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jáde lẹ́nu akéwì. Kì í ṣe irú èyí tí à ń bí sí ẹni tí ó tẹ̀ wá lẹ́sẹ̀ lọ́jà o. Àwọn òrìṣà ni wọ́n sábà máa ń lo ọ̀rọ̀ náà fún. Bí ó bá di dandan kí n fi Yorùbá sọ ọ́, ìrunú ni n ó pè é.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí wọ́n pín ìkógun, wọ́n fún Agamemnon, ọba tí ó ṣe olórí gbogbo ọmọ ogun, ní Chryseis, ọmọ àwòrò Apollo. Bàbá ọmọ gbé owó ìràpadà wá, ọba lé e bí ẹni lé ajá. Apollo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwòrò rẹ̀, ó rán àjàkálẹ̀ àrùn sí àgọ́ fún ọjọ́ 9. Ní ọjọ́ kẹwàá, Achilles pe ìpàdé. Nígbà tí aríran tú àṣírí ọ̀rọ̀, Agamemnon gbà láti dá ọmọ padà, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́ òun kò ní í ṣófo: Briseis tí wọ́n fún Achilles ni òun yóò mú dípò. Ojú gbogbo ọmọ ogun ni ó ti sọ ọ́. Achilles ti ń fa idà yọ kí òrìṣà Athena tó gbá irun rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Ó ti idà bọ àkọ̀, ó fi ọ̀pá àṣẹ búra, ó sọ ọ̀pá náà mọ́lẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni èmi ti ṣìnà. Iyì láàrin àwọn jagunjagun wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi pamọ́ sínú ọkàn. Ohun àfojúrí ni. Wọn a ya nǹkan kan sọ́tọ̀ nínú ìkógun fún ẹni tí ó ṣe gudugudu méje lójú ogun. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí nǹkan náà ní àgọ́ rẹ̀ ti mọ ohun tí ó ṣe. Láti gbà á padà ní gbangba, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò ṣe nǹkan kan.

Ní apá kejìlá, Sarpedon, tí ó ń jà fún Troy, ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún Glaucus ọ̀rẹ́ rẹ̀ ju bí ìwé àlàyé kankan ṣe lè ṣe é lọ. Ó bi í pé kí ni ó dé tí àwọn ará ilé wọn ní Lycia fi ń fún àwọn méjèèjì ní ìjókòó iwájú, ẹran tí ó dára, ife tí ó kún, àti ilẹ̀ oko létí odò? Nítorí kí wọ́n lè dúró síwájú nígbà tí ogun bá gbóná ni. Ó wá fi kún un pé bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó bá yọ nínú ogun yìí kò ní í gbó, kò ní í kú mọ́, òun fúnra òun kò ní í jà. Ikú kò kúkú ní í ṣàì wá, nítorí náà kí wọ́n kú sí ibi tí òkìkí wà. Ti Achilles tilẹ̀ le ju èyí lọ. Thetis ìyá rẹ̀, òrìṣà inú òkun, ti sọ fún un pé bí ó bá dúró jà ní Troy yóò kú síbẹ̀, òkìkí rẹ̀ kò sì ní í parẹ́. Bí ó bá padà sílé yóò pẹ́ láyé, òkìkí rẹ̀ yóò sì kú. Ó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ra iyì. Agamemnon wá gba ọjà, kò sì sí ẹni tí ó lè dá owó padà.

Ṣé bí a bá dá ọjà padà, ìbínú yóò tán? Ìdáhùn wà ní apá kẹsàn-án. Ogun ti fẹ́ wọ inú ọkọ̀ àwọn Gíríìkì, ọba bá rán Odysseus, Phoenix arúgbó tí ó tọ́ Achilles dàgbà, àti Ajax láti lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bùn náà kì í ṣe kékeré: ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta 7, ìkòkò ńlá 20, ẹṣin 12, wúrà, obìnrin 7 láti Lesbos, ìlú 7, ọmọ ọba láti fi ṣe aya láìsan ìdáná, àti Briseis fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìbúra pé ọba kò bá a sùn. Achilles kọ̀ ọ́. Ó ní ọ̀lẹ àti akọni, ìpín kan náà ni wọ́n ń gbà; ó ní màlúù ṣe é kó lógun, ṣùgbọ́n ẹ̀mí tí ó bá ti jáde lẹ́nu kò ṣe é kó padà. Ní tèmi o, ohun tí ó rí ni pé ọwọ́ tí ó gbà ni ọwọ́ tí ó tún ń fún un. Agamemnon tilẹ̀ ní kí ó tẹríba fún òun, nítorí òun ni ọba jù. Odysseus ọlọgbọ́n fo gbólóhùn yẹn nígbà tí ó ń jíṣẹ́. Ajax nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé: ó ní àwọn ènìyàn a máa gba owó ìtánràn lọ́wọ́ ẹni tí ó pa ọmọ wọn pàápàá. Achilles gbà pé ọ̀rọ̀ náà bá òun lára mu, ṣùgbọ́n ó ní inú òun ń ru bí òun bá ti rántí ojú tí wọ́n fi wo òun.

(Akéwì kò yéé kì í ní ẹlẹ́sẹ̀ yíyára ní gbogbo ìgbà tí ó fi jókòó yìí. Milman Parry, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó lọ gba ewì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn akéwì ní Yugoslavia láàrin 1933 sí 1935, ti ṣàlàyé pé irú àpèjẹ́ báyìí jẹ́ irinṣẹ́ fún ẹni tí ń dá ewì lórí ìnàró. Ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ̀lé oníjàálá rí kò ní í pe èyí ní àṣìṣe.)

Lẹ́yìn èyí, ìbínú náà yí padà, èyí ni n kò sì rí nígbà àkọ́kọ́. Patroclus, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, gbé ìhámọ́ra Achilles wọ̀ lọ sógun, Hector ọmọ ọba Troy sì pa á. Agamemnon wá kó gbogbo ẹ̀bùn náà wá. Achilles ní kí ó kó o wá tàbí kí ó fi sílẹ̀, bí ó bá ti wù ú. Ọ̀rọ̀ iyì ti tán. Ẹ wo Lycaon, ọmọ ọba Troy mìíràn, tí Achilles ti mú rí tí ó sì tà. Ọjọ́ 12 péré lẹ́yìn tí ó padà délé ni wọ́n tún pàdé, tí ó di orúnkún rẹ̀ mú, tí ó ń bẹ̀bẹ̀. Achilles ní níwọ̀n ìgbà tí Patroclus ti kú, kí òun náà kú. Ó pa á, ó jù ú sódò. Òkú kún odò títí odò fi bínú. Ó pa Hector, ó so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ ogun, ó ń wọ́ ọ kiri, síbẹ̀ kò rí oorun sùn. Ẹ̀bùn kò tán ìbínú rẹ̀, ẹ̀san náà kò sì tán an.

Priam, bàbá Hector, ni ó tán an. Arúgbó náà wọ àgọ́ lóru, ó fi ẹnu ko ọwọ́ tí ó pa ọmọ rẹ̀, ó ní kí Achilles rántí bàbá tirẹ̀ tí ó ń dúró dè é nílé. Àwọn méjèèjì sunkún, olúkúlùkù sì ní òkú tí ó ń sun. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹun pọ̀. Achilles gbé òkú sílẹ̀, ó sì bi Priam ní iye ọjọ́ tí yóò fi sìnkú kí òun lè dá ogun dúró fún un.

Ó ku Briseis. Nínú gbogbo ewì náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sọ̀rọ̀, ní apá kọkàndínlógún, níbi tí ó ti ń sun òkú Patroclus. Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ pé Achilles ni ó pa ọkọ rẹ̀, pé àwọn arákùnrin rẹ̀ mẹ́ta náà bá ogun lọ. Àwọn obìnrin yòókù bá a sunkún. Akéwì ní Patroclus ni wọ́n fi bojú, olúkúlùkù ń sun ìyà tirẹ̀. Ní apá kan náà, Achilles ní ìbá sàn kí Briseis ti kú ní ọjọ́ tí òun kó o lógun. Ìgbà tí a gbọ́ nípa rẹ̀ gbẹ̀yìn ni òru tí Priam wá: arúgbó sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Achilles sùn sí yàrá inú, Briseis sì sùn tì í.