Ekòló Rọ́bà Ló Fa Ọ̀pá Ìwọ̀ Lẹ́yìn

Ẹni tó bá wọ ìsọ̀ ohun èlò ìpẹja ní ìlú bíi Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, yóò rí ògiri kan tó kún fún ekòló láti òkè délẹ̀. Ekòló dúdú wà níbẹ̀, ekòló aláwọ̀ ewé wà, elésè àlùkò tí ìrù rẹ̀ pupa wà, èyí tí wọ́n da nǹkan wínníwínní tó ń dán sí lára náà wà. Rọ́bà ni gbogbo wọn. Ògiri kejì ni ọ̀pá ìwọ̀ fẹ̀yìn tì, tí ìkọ̀wé wẹ́wẹ́ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, okùn oríṣiríṣi sì wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé agbègbè yẹn kò kéré, ẹni tó bá sì fẹ́ fi ọjọ́ Sátidé dẹdò ní Lake Conroe yóò dúró láàárín ògiri méjèèjì, kò ní mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ mú. Ìdí ọ̀pá ni ọlọ́jà máa ń mú un lọ, torí ibẹ̀ ni owó wà. Lójú tèmi, ìdí ekòló ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ekòló ló kọ́kọ́ dé, ọ̀pá àti okùn ló wá ń sáré tẹ̀ lé e.

Ẹja tí gbogbo aájò yìí dá lé ni báàsì ẹlẹ́nu gbàǹgbà, ẹja omi aláìníyọ̀ ti Àríwá Amẹ́ríkà. Kì í gé nǹkan jẹ. Ńṣe ló máa ń la ẹnu lójijì, omi á ya wọ inú rẹ̀, ohunkóhun tó bá wà nínú omi náà á bá a wọlé. Tí ohun náà bá le lẹ́nu rẹ̀, á tu ú jáde kí apẹja tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó sì fẹ́ràn láti lúgọ sí ìdí igi tó wó sómi, sínú koríko odò, sábẹ́ afárá onípákó. Ibi tí ìwọ̀ ti máa ń há gan-an nìyẹn.

Kí rọ́bà tó dé, igi ni ìdẹ àtọwọ́dá tó gbajúmọ̀. Wọ́n á gbẹ́ ẹ bí ẹja kékeré, wọ́n á kùn ún lọ́dà, wọ́n á wá so ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta rọ̀ sí i lábẹ́. Irú ìdẹ bẹ́ẹ̀, tí ilé iṣẹ́ Creek Chub ṣe, ni George Perry, ọ̀dọ́ àgbẹ̀ kan ní Georgia, fi mú báàsì tó wọn pọ́ùn 22 àti áúnsì 4 ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 1932. Títí di òní, kò tíì sí ẹja tí wọ́n fọwọ́ sí pé ó borí rẹ̀; Manabu Kurita, ọmọ ilẹ̀ Japan, bá a dọ́gba ní 2009. Ṣùgbọ́n gbé ìdẹ onígi wọ inú koríko, gbogbo ìwọ̀ rẹ̀ ni yóò há. Ekòló gidi náà ní wàhálà tirẹ̀: ó ń já bọ́ lẹ́nu ìwọ̀, ó ń kú, ẹja wẹ́wẹ́ á sì ti tọ́ ọ tán kí èyí tó tóbi tó dé.

Ìlú táyà kan ni ojútùú ti wá: Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Níbẹ̀, ní ọdún 1926, Waldo Semon, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ B.F. Goodrich, rí i pé PVC, ohun líle tí kò sẹ́ni tó kà á sí nígbà náà, lè di rírọ̀ tí yóò máa nà tí yóò sì máa padà sípò, bí wọ́n bá sè é pọ̀ mọ́ àwọn olómi kan. Aṣọ òjò àti ìbora wáyà iná ni wọ́n fi í ṣe. Ó tó ọdún mẹ́tàlélógún kí ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìlú yẹn kan náà, Nick Creme, òun àti Cosma ìyàwó rẹ̀, tó gbé irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ ka iná nínú ilé wọn ní 1949, kí wọ́n lè fi da ekòló. Ẹni tó bá máa mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ: ara ekòló gidi ni wọ́n ti mú àwòrán ihò tí wọ́n ń da rọ́bà náà sí, débi pé òrùka ara rẹ̀ hàn kedere.

Títí di òní, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣe é. Olómi funfun ni rọ́bà yìí kó tó dé orí iná. Bí iná bá ti mú un, á máa ki, á sì máa mọ́ gaara, gẹ́gẹ́ bí ògì ṣe ń di ẹ̀kọ lórí iná. Àmọ́ iná tirẹ̀ ju ti omi híhó lọ fíìfíì, ó ń súnmọ́ 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èéfín rẹ̀ kò sì ṣe é fà símú. Nígbà tó bá mọ́ gaara tán ni wọ́n ń da àwọ̀ sí i, wọ́n á rọ ọ́ sínú ihò, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà ekòló á jáde, ó ń mì jìgìjìgì lọ́wọ́.

Creme polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn ọlọ́dẹ, ó ń fi ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́, márùn-ún ní dọ́là kan. Ọjà náà tà. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ náà ti wọ Tyler, ní ìlà-oòrùn Texas, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti yí padà.

Ìdí ni pé àkókò yẹn ni wọ́n ń fi dáàmù sé odò káàkiri gúúsù Amẹ́ríkà. Adágún Sam Rayburn kún ní àárín àwọn ọdún 1960. Toledo Bend, tó wà láàárín Texas àti Louisiana, tẹ̀ lé e. Wọn kò gé gbogbo igi kí omi tó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Odindi igbó dúró sábẹ́ omi, báàsì sì rí ilé. Ekòló tí Creme ń tà níbẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀ tó ju ẹyọ kan lọ, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àti abẹ̀bẹ̀ kékeré níwájú. Nínú igbó abẹ́ omi yìí, ìdí igi ló ń kú sí.

Àwọn apẹja Texas bá tú gbogbo rẹ̀ dànù, wọ́n fi ìwọ̀ kan ṣoṣo rọ́pò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á ti okùn bọ òjé tí wọ́n ṣe bí ọta ìbọn, tí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí òkè, wọ́n á wá so ìwọ̀. Wọ́n á gún ẹnu ìwọ̀ wọ orí ekòló díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á fà á já títí ojú ìwọ̀ fi wọ inú rọ́bà. Wọ́n á yí ìwọ̀ náà kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ara ekòló, wọ́n á wọn ibi tó yẹ kó gún, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ wọlé padà kó lè fara pamọ́. Ibi tí wọ́n ń wọ̀n yẹn ló ṣòro fún ẹni tó ń kọ́ ọ: bí ekòló kò bá nà gbọọrọ lára ìwọ̀, tó ká kò, á máa yí bírí nínú omi, okùn á lọ́, ẹja kò sì ní wò ó. Bó bá nà dáadáa, ó lè gba àárín ẹ̀ka igi kọjá láìhá.

Àmọ́ ẹnu ìwọ̀ tó ń sá fún igi ń sá fún ẹja náà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la rọ́bà já kó tó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ báàsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn kò sì rọ̀. Ọ̀pá tó ń tẹ̀ látòkè délẹ̀ yóò gbé gbogbo agbára apẹja mì, ìwọ̀ kò ní ti ibi tó wà kúrò. Ìṣòro yìí ló bí ọ̀pá tí à ń rà lónìí.

Ọparun Tonkin láti Ṣáínà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá tó dára tẹ́lẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, orí ọ̀pá ọparun Arthur Howald, onímọ̀ kẹ́míkà kan, dá; kò rí òmíràn rà, ló bá fi fáíbà àti gọ́ọ̀mù ṣe tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ Shakespeare gbé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ jáde ní 1947 lábẹ́ orúkọ Wonderod. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de ọjà Ṣáínà ní 1950, ọparun kò wọlé mọ́, fáíbà sì gba ọjà. Fáíbà ni àwọn apẹja ekòló kọ́kọ́ ṣe nípọn, kúkúrú, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àbọ̀, kó lè fa ìwọ̀ la rọ́bà já. Ó fà á já lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì kú lọ́wọ́: ẹja lè gbé ekòló mì kó tún tu ú, kí ọwọ́ máà gbọ́ nǹkan kan. Ọdún 1973 ni ilé iṣẹ́ Fenwick mú ọ̀pá gíráfáìtì jáde, kábọ́ọ̀nù irú èyí tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ òfuurufú. Ó le ju fáíbà lọ, ó sì fúyẹ́. Ìró bíńtín tí ẹja bá ṣe nísàlẹ̀ omi, apẹja á gbọ́ ọ ní àtẹ́lẹwọ́. Láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn kan náà, apẹja kan, Dee Thomas, ń fi ọ̀pá gígùn sọ ìdẹ wẹ́rẹ́ sínú koríko esùsú ní California, Fenwick sì ṣe ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà méje àbọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pá kúkúrú ti ń kógbá wọlé.

Ọ̀rọ̀ okùn kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Sílíkì tàbí ọ̀gbọ̀ ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sá a gbẹ lẹ́yìn ìpẹja kó má baà jẹrà. Ilé iṣẹ́ DuPont kéde náílọ́ọ̀nù ní 1938, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi í ṣe okùn ìpẹja. Ó rọrùn, kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń nà, nínà rẹ̀ sì ń dín agbára tí yóò fa ìwọ̀ já kù. Kureha, ilé iṣẹ́ kan ní Japan, mú okùn fluorocarbon jáde ní 1971: ó ń rì, kì í mu omi, bó sì ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ kò jìnnà sí bí omi ṣe ń tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ojú ẹja kì í tètè rí i. Okùn híhun dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, okùn tín-ín-rín tí wọ́n fi irú fọ́nrán tí wọ́n ń fi ṣe aṣọ agbọta ṣe. Kì í fi bẹ́ẹ̀ nà. Ó ń gé koríko odò bí wọ́n bá ń fà á, ó sì ń léfòó.

Ohun tó sọ gbogbo èyí di òwò ńlá ni ìdíje. Ray Scott, aṣojú ilé iṣẹ́ adójútòfò láti Montgomery, Alabama, kó apẹja 106 jọ sí Beaver Lake, ní Arkansas, ní 1967, ó sì dá ẹgbẹ́ apẹja báàsì, B.A.S.S., sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 1972 ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá ẹja padà sómi láàyè. Ìlú Eufaula, ní ìpínlẹ̀ Alabama kan náà, ni Tom Mann ti ń ṣe ekòló tó fi òórùn èso sí, tó pè ní Jelly Worm. Èyí tó ní òórùn sitirọ́bẹ́rì ló fi mú báàsì kan ní 1973, ó sọ ọ́ ní Leroy Brown, ó gbé e sínú àgbá onídígí. Nígbà tí ẹja náà kú ní 1980, wọ́n ṣe ìsìnkú fún un, wọ́n ri òkúta sàréè mọ́ ọn lórí. Ẹ jọ̀ọ́, n kò purọ́ mọ́ wọn.

Àwọn ará Japan ló wá kọ́ Amẹ́ríkà ní ìfarabalẹ̀. Wọ́n gbé báàsì wọ Lake Ashi ní 1925, ó sì tàn káàkiri débi pé láti 2005 òfin ti kà á léèwọ̀ láti gbé e kiri láàyè tàbí dá a sí omi mìíràn. Ẹja tí apẹja ti da láàmú kì í fẹ́ ìdẹ ńlá. Ekòló kékeré, okùn tín-ín-rín, òjé nísàlẹ̀ ìwọ̀ dípò òkè, ọ̀nà tiwọn nìyẹn. Ní àárín àwọn ọdún 1990 ni Gary Yamamoto, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Page, Arizona, gbé ekòló kan tó pè ní Senko jáde. Tí ẹ bá wò ó, ẹ ó rò pé ẹlẹ́dàá rẹ̀ kò tíì ṣe é tán ni: kò ní ìrù, kò ní ẹsẹ̀. Iyọ̀ tó wà nínú rọ́bà rẹ̀ ló ń jẹ́ kó wúwo. Bó bá ń rì láìsí òjé, orí àti ìdí rẹ̀ á máa gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìyẹn nìkan sì tó ẹja.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, máa ní kó kọ́kọ́ mú ekòló tó gùn tó íǹṣì 7, ọ̀kan aláwọ̀ ewé fún omi tó mọ́, ọ̀kan dúdú fún omi tó rú. Ìwọ̀ 3/0 tàbí 4/0 ló bá a mu, pẹ̀lú òjé ìdámẹ́rin áúnsì. Ìwọ̀ yẹn ló máa sọ irú ọ̀pá: ẹsẹ̀ bàtà méje, èyí tí wọ́n kọ medium-heavy àti fast sí lára, tó túmọ̀ sí pé orí rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀, ìdí rẹ̀ kò gbà. Okùn náílọ́ọ̀nù tàbí fluorocarbon tó gba pọ́ùn 15 ti tó. Bí koríko bá pọ̀ níbẹ̀, kó lo híhun tó gba 50. Fún Senko tàbí ekòló kékeré ọ̀nà Japan, gbogbo rẹ̀ á fúyẹ́ sí i, okùn pọ́ùn 8 náà á ṣe é. Ọ̀pá olówó gọbọi kò pọn dandan.

Kò yẹ kí ẹ da rọ́bà oríṣiríṣi pọ̀ sínú àpótí kan, torí olómi tó mú un rọ̀ máa ń jáde, á sì yọ́ mọ́ ara wọn tàbí mọ́ àpótí. Ọ̀rá tí wọ́n fi tà á ni kí ẹ fi sí, kí ẹ tẹ́ ẹ gbalaja. Èyí tó bá ti ká kò, ẹ rì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó títí yóò fi tutù. Yóò nà padà.